Ẹ Má Ta Èbù Yín Nítorí Ìran Ẹnikẹ́ni

Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ìròyìn kan jáde láti Òmùò-Èkìtì tó ba gbogbo àwa tí a ń jẹ́ orúkọ mọ́ Kírísítì lágbègbè yìí nínú jẹ́. Pásítọ̀ kan kó àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ kúrò ní Kàdúná, ó wá pàgọ́ sí Òmùò, ó ní ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà ọ̀run, ó sì ní kí olúkúlùkù wọn san ₦310,000. Nígbà tí àwọn oníròyìn bi í, kò jiyàn pé òun béèrè owó. Ó ní Ọlọ́run ló rán òun, kí òun fi dán ìgbàgbọ́ wọn wò ni. Lásìkò yẹn, ₦30,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí fún òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn ì bá kó gbogbo owó oṣù mẹ́wàá jọ, láìjẹ, láìmu, láìwọ mọ́tò, owó náà kò ní í tíì pé.

Òmùò kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Ifàkì, tó gba Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé kọjá, ibẹ̀ ni yóò dé kó tó wọ ilẹ̀ Kàbà. Ojú ọ̀nà tí iṣu wa ń gbà lọ sọ́jà ni. Kò sì ju bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn lọ tí ọlọ́pàá tún fi kó ènìyàn 77 jáde nínú ilé ìjọsìn kan ní ìlú Oǹdó: ọmọdé 26, ọ̀dọ́langba 8, àgbàlagbà 43. Ìyá kan ló lọ fẹjọ́ sùn pé àwọn ọmọ òun ti pa ilé-ẹ̀kọ́ tì, wọ́n ti fi ilé sílẹ̀, nítorí wọ́n sọ fún wọn pé ìgbàsókè ń bọ̀ lóṣù kẹrin. Nígbà tí oṣù kẹrin kọjá, tí ẹnikẹ́ni kò lọ sókè, wọ́n sún un sí oṣù kẹsàn-án.

Àwọn tó wà nínú irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe wèrè, wọn kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ má jẹ́ ká fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹni tí àtijẹ àtimu ti dà láàmú, tó ti gbààwẹ̀ títí tí awọ rẹ̀ gbẹ, tó wá pàdé ẹni tó ń fi ìdánilójú sọ̀rọ̀ nígbà tí gbogbo àwọn tó kù ń mi orí, ó rọrùn kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé e. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí sí ẹ̀yin ará wa ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìdó àti gbogbo àríwá Èkìtì.

Gbígbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run fún oúnjẹ òòjọ́ kò ní kí ènìyàn gbé ohun tí Ọlọ́run ti fi sí i lọ́wọ́ fún oúnjẹ ọ̀la fún ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní àfi kí o kọ́kọ́ sọ ara rẹ di òtòṣì kí Ọlọ́run tó lè bọ́ ọ, sá fún un. Bó wọ súútánà, sá fún un. Bó ti sọ àsọtẹ́lẹ̀ mẹ́wàá tó ṣẹ, sá fún un síbẹ̀.

N kò sọ èyí láti tẹ́ ìgbàgbọ́. Mo gbà tọkàntọkàn pé Ọlọ́run ń bọ́ ènìyàn. Àwọn opó wà ní ilẹ̀ yìí tí wọ́n fi àkàrà díndín rán ọmọ lọ sí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, tí ẹ bá jókòó bá wọn ṣírò owó tó wọlé àti owó tó jáde, ìṣirò náà kò ní í bá ara mu, síbẹ̀ ọmọ ti gboyè. Ẹni tó bá ní kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ má dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kò mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: lójoojúmọ́ ni ìyá yẹn ń jí ní agogo mẹ́rin àárọ̀ láti lọ ẹ̀wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ohun tí mo ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ ṣe máa ń wọlé àgbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló ti ń ṣe wá ní jàǹbá jù. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, iṣu ti wà nínú ọgbà. Àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìtàpájì, ní Ìpáò tàbí ní Ayédún ti pín in sọ́nà mẹ́ta: èyí tí ilé yóò jẹ, èyí tí yóò lọ sọ́jà, àti èbù. Èbù yìí ni ó kó sábẹ́ igi, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó kí oòrùn má pa á, ó sì ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè, ó ń ṣa èyí tó bá ń rà kúrò kí ó má ba ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ebi lè pa á, kò ní í fọwọ́ kan èbù. Ọmọ lè sunkún iyán, ìyá ọmọ yóò wá gàrí fún un. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ọdún tó ń bọ̀ ló sùn sábẹ́ imọ̀ yẹn.

Àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀ yìí kan náà ni ìsọjí máa ń pọ̀. Ọ̀nà gbẹ, iṣẹ́ oko dín, owó iṣu ti wà nílé. Wọ́n á ta àtíbàbà, wọ́n á gbé ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ tó ń mi ilẹ̀ wá láti ìlú ńlá. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn, wọ́n ń gbàdúrà fún aláìsàn, wọ́n ń kọrin. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin ni àlejò oníwàásù yóò sọ pé Ọlọ́run fi ènìyàn méje hàn òun nínú ìjọ, tí òṣì yóò kúrò ní ìdílé wọn láàárín ogójì ọjọ́, bí wọ́n bá lè mú ohun tó dùn wọ́n jù lọ wá. Àgbẹ̀ wa mọ ohun tó dùn ún jù lọ. Ó délé, kò sùn. Lọ́jọ́ kejì ó pe alájàpá, ó ta èbù.

Ogójì ọjọ́ pé. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ebè, wọ́n ń gbin iṣu. Àlejò oníwàásù ti wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Ìyàwó àgbẹ̀ wá lọ gba owó gbọ́mú-lé-lántà kí wọ́n lè ra èbù ní ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ta tiwọn, olówó sì ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí àgbẹ̀ náà bá wá ní ìgboyà láti lọ bi wọ́n léèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, èsì tí yóò gbà ni pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Èyí ló burú jù lójú tèmi. Wọ́n kó oúnjẹ rẹ̀, wọ́n tún kó ẹ̀bi lé e lórí.

Nǹkan ti le láti ọdún mélòó kan, a kò lè fi ìyẹn pa mọ́. Láti 29 oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, owó mọ́tò láti oko dé ọjà ti di ohun tí àgbẹ̀ ń bẹ̀rù. Ní oṣù kẹfà 2024, àjọ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀ ní oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Oko pàápàá kò ṣeé lọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní 29 oṣù kìíní 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì, Ọba Ìmòjò àti Ọba Èsun, lójú ọ̀nà lágbègbè Òkè-Àkó, bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti ìpàdé. Láti ìgbà yẹn, oko ọ̀nà jíjìn wà tí àwọn onílẹ̀ kò dé mọ́. Nígbà tí ẹ̀rù bá ti wà lóko, tí owó kò sí lọ́jà, ọ̀rọ̀ ẹni tó ní òun rí ọ̀nà àbáyọ lójú ìran yóò dùn létí ju ti ẹni tó ní ká jọ máa lọ sóko ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ká sì jẹ́ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn mọ ọjọ́ tí a ń lọ. Èmi ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnì kejì yẹn náà ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá.

Irú àwọn oníwàásù bẹ́ẹ̀ a máa fi Ìwé Mímọ́ gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, nítorí náà ó yẹ ká ka Ìwé Mímọ́ náà dé òpin. Opó Sáréfátì ni wọ́n fẹ́ràn jù. Wọ́n á ní ṣebí Èlíjà ní kí ó kọ́kọ́ ṣe àkàrà kékeré fún òun kí ó tó ṣe ti ara rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Èlíjà kò gbé ìyẹ̀fun náà lọ. Ilé opó yẹn ló ń gbé, nínú ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn ti jẹun fún ọjọ́ púpọ̀, bí ìyàn bá pa opó, á pa wòlíì. Ẹ fi èyí wé ẹni tó gba owó lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, tó sì wakọ̀ jáde ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kejì.

Opó kejì ni wọn kì í sábà mẹ́nu kàn, ìyẹn opó tó jẹ gbèsè nígbà ayé Èlíṣà, tí olówó fẹ́ kó ọmọ rẹ̀ méjì lẹ́rú. Ẹ lọ kà á nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹrin. Wòlíì bi í pé kí ló ní nílé. Ó ní ìkòkò òróró kan. Wòlíì ní kó lọ yá ìkòkò òfìfo lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò, kó ti ìlẹ̀kùn, kó máa dà á. Nígbà tí òróró kún gbogbo rẹ̀, ó padà wá bi wòlíì ohun tí òun yóò ṣe. Wòlíì ní kó lọ tà á, kó san gbèsè rẹ̀, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa fi èyí tó kù jẹun. Kò ní kó mú ìkòkò kan wá. Gbèsè ni wòlíì fi síwájú, oúnjẹ ọmọ ló tẹ̀ lé e. N kò tíì gbọ́ ìsọjí kan tí wọ́n ti fi ibẹ̀ yẹn gba ọrẹ, mo sì mọ ìdí.

Ti opó tó fi owó idẹ méjì sínú àpótí ńkọ́? Òótọ́ ni pé Jésù yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ yí ojú yín sókè díẹ̀ nínú Máàkù orí kejìlá kan náà. Àwọn akọ̀wé tí wọ́n ń jẹ ilé opó run, tí wọ́n sì ń fi àdúrà gígùn bojú, ni Jésù ń bá wí kó tó jókòó sí ọ̀kánkán àpótí ọrẹ. Obìnrin náà ṣe rere, Olúwa rí i. Àmọ́ Olúwa kò fi ìyẹn sọ pé kí ẹnikẹ́ni dúró sẹ́nu àpótí kí ó máa gba owó ìkẹyìn lọ́wọ́ opó.

Ní ti ìgbàsókè, ẹ kò lè rí ìdáhùn tó ṣe tààrà ju ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Tẹsalóníkà lẹ́ẹ̀kejì lọ. Ohun tó ṣe Òmùò àti Oǹdó ló ń da àwọn náà láàmú: àwọn kan ti ń tan ọ̀rọ̀ kálẹ̀ pé ọjọ́ Olúwa ti dé, àwọn kan kò sì ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n ń tojú bọ ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n. Pọ́ọ̀lù kò kí wọn kú ìgbàgbọ́. Ó ní kí wọ́n fara balẹ̀ ṣiṣẹ́, kí wọ́n máa jẹ oúnjẹ ọwọ́ ara wọn, ó sì rán wọn létí pé òun tó ní ẹ̀tọ́ láti gba nǹkan lọ́wọ́ wọn ṣe làálàá tọ̀sán-tòru kí òun má baà di ẹrù sí wọn lọ́rùn. Àgọ́ ni Pọ́ọ̀lù ń ṣe tà. Èmi ì bá fẹ́ kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì tó wà nílẹ̀ yìí ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan.

Ẹlòmíràn á wá bi mí pé Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ńkọ́, ṣebí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀? Ó fi sílẹ̀ lóòótọ́. Katakata tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ló ń wà fún ìjọba, ní ọdún 1928 ló sì fi í sílẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ ìpè. Ní ọdún 1930 ni ìsọjí Òkè-Ooye ní Iléṣà bẹ́ sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí iná rẹ̀ fi dé Ẹ̀fọ̀n-Alààyè nílẹ̀ Èkìtì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ara rẹ̀ ni ó fi sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ebi pa, òun ló gbààwẹ̀, òun ló sùn sínú igbó. Kò ní kí àgbẹ̀ Ẹ̀fọ̀n ta oko kí ó lè fi owó rẹ̀ jẹun. Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kírísítì tó ti inú ìsọjí yẹn jáde sì kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri ilẹ̀ wa, àwọn tó dá a sílẹ̀ mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n gbàdúrà fún gbọ́dọ̀ kàwé, kó ríṣẹ́ ṣe. Ẹni tí Ọlọ́run bá pè kí ó fi àwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, kí ó fi sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ máa kó àwọ̀n ẹlòmíràn.

Àpẹẹrẹ ará òkè òkun tí wọ́n tún fẹ́ràn ni George Müller, ẹni tó tọ́jú ọmọ aláìlóbìí ní ìlú Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1836. Ó tọ́jú ọmọ tó lé ní 10,000 kó tó kú ní 1898, kò sì béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, àdúrà ló ń gbà. Gbogbo oníwàásù ló mọ apá ìtàn yẹn. Apá kejì ni pé lọ́dọọdún ni Müller ń tẹ ìwé jáde, tó ń sọ iye tó wọlé, iye tó jáde, àti ohun tí wọ́n fi rà. Kì í jẹ gbèsè. Nígbà tí owó kò bá sí, kì í lọ sọ́dọ̀ ọlọ́rọ̀, kì í sì í sọ fún òtòṣì pé Ọlọ́run fi í hàn òun. Bí ẹnì kan bá ń pe ara rẹ̀ ní ọmọlẹ́yìn Müller ní Ìkọ̀lé, ẹ ní kó mú ìwé ìṣirò ọdún tó kọjá wá ká jọ wò ó.

Mo gbọ́dọ̀ dárúkọ ohun mìíràn tó wọlé tọ̀ wá nípa ọ̀nà kan náà. Ní ọdún 2016, ètò owó kan tí wọ́n ń pè ní MMM gba ilẹ̀ wa kan, ó ń ṣèlérí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Ní 13 oṣù kejìlá ọdún náà ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ owó oníbàárà, Kérésì ku ọjọ́ méjìlá. Àwọn ará wa kan ti dúró níwájú ìjọ ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti dá àwọn lóhùn. A ò kọ́gbọ́n. Ní oṣù kẹrin 2025, CBEX tún ṣe bẹ́ẹ̀, òun ṣèlérí pé owó yóò di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Wọ́n tún rí ènìyàn púpọ̀ kó. Mo bẹ ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ nínú ìjọ: kí ẹ tó gbé ẹnì kan sórí pẹpẹ láti jẹ́rìí pé owó wọlé fún òun, ẹ bi í níbi tí owó náà ti wá. Gbogbo àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀rí yẹn ló ń rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ta ni ẹ ó wá gbọ́? Èmi kò lè yẹ ọkàn ènìyàn wò, ṣùgbọ́n ìṣe máa ń hàn. Ẹni tó bá dárúkọ iye kan pàtó tí o gbọ́dọ̀ mú wá, tó tún fi ọjọ́ sí i, ti rú ohun tí Bíbélì sọ nípa ọrẹ, nítorí bí olúkúlùkù bá ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ ni, láìsí ìfipámúni. Ẹni tó bá ní kí o má sọ fún ọkọ rẹ tàbí aya rẹ, ó ti ń kọ́ ọ ní irọ́. Èyí tí mo rí tó wọ́pọ̀ jù báyìí ni kíkéde pé kí ènìyàn lọ yá owó san ẹ̀jẹ́. Mo ti rí i tí ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́kadà fi fóònù yá owó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lórí ìjókòó, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọrin ọrẹ lọ́wọ́. Ọjọ́ méje ni àwọn tó yá a lówó fún un láti san án padà. Nígbà tó kùnà, wọ́n fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ̀, wọ́n kọ olè sábẹ́ rẹ̀. Ọlọ́run tó ni wúrà àti fàdákà kò rán ẹnikẹ́ni lọ yá owó èlé fún un.

Owó oògùn náà wà lára ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà lọ́wọ́ yín. Ẹni tí dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá Ìdó bá ti fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó máa lò ó, kí ó sì máa gbàdúrà. Bí ìwòsàn bá dé, kí ó padà lọ kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, kí dókítà fúnra rẹ̀ ní kó dáwọ́ dúró. Ní Kẹ́ńyà, ní ọdún 2023, wọ́n hú òkú tó lé ní 400 jáde nínú igbó Shakahola, àwọn tí oníwàásù kan ní kí wọ́n febi pa ara wọn kí wọ́n lè rí Jésù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ìkọ̀sílẹ̀ kékeré ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: ẹ kọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ kọ ilé ìwòsàn.

Ṣé àìgbàgbọ́ wá ni kí ènìyàn máa tọ́jú nǹkan sílẹ̀? Jósẹ́fù tó kún fún ẹ̀mí Ọlọ́run kó ìdá kan nínú márùn-ún irè oko Íjíbítì sínú àká fún ọdún méje. Mánà pàápàá, tó ń bọ́ láti ọ̀run, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ló ń dìde láàárọ̀ lọ ṣà á. Ọjọ́ kẹfà, ìlọ́po méjì ni wọ́n ń ṣà, Ọlọ́run ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ibi tí Mósè ti dúró sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ láti gba mánà ẹnikẹ́ni kó tó wọlé. Àjọ tí ẹ ń dá, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, èbù tó wà lábẹ́ igi, àgbàdo tí ẹ so mọ́ òrùlé ìdáná kí èéfín máa là á, ìpèsè Ọlọ́run ni gbogbo rẹ̀. Ẹ máa san ìdámẹ́wàá yín bí ọkàn yín bá ti gbà. Ẹ máa ṣe oore. Èmi náà ń ṣe é. Ìwọ̀n ohun tí a ní ni a fi ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kù fún àwọn ìjọ wa. Ní ìjọ àkọ́kọ́ ní Jerúsálẹ́mù, ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́ fún àwọn opó ló mú kí wọ́n yan ọkùnrin méje tí ẹnu kò ṣá. Nílẹ̀ tiwa, a mọ ìgbà tí ebi máa ń pa ènìyàn: lẹ́yìn tí iṣu àtijọ́ bá tán, tí tuntun kò tíì ta. Bí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé àti Ìdó bá lè ra àpò gàrí àti àgbàdo sílẹ̀ ní oṣù kejìlá nígbà tí ó pọ̀, kí wọ́n fi sí ìkáwọ́ ìyá ìjọ àti díákónì méjì, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó gbà sínú ìwé, àwọn tí ebi ń lé lọ sí àgọ́ ìran yóò dín kù. Kí ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin padà sí àáró. Bí àgbẹ̀ kan bá ṣàìsàn, kí wọ́n kọ ebè rẹ̀ fún un lọ́jọ́ Sátidé kan. Àwọn baba wa ṣe èyí kí ẹ̀sìn tó dé. Kò yẹ kó bọ́ lọ́wọ́ wa nínú ẹ̀sìn.

Bí wọ́n bá ti gba owó yín lọ́nà ẹ̀tàn, ẹ má fi ìtìjú dákẹ́. Òfin ọdún 2006 tó de gbígba owó lọ́nà èrú kò yọ oníwàásù sílẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún méje ló fi lélẹ̀. Ẹ tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì, ẹ tọ́jú ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn olórí CAN, ẹgbẹ́ àwọn Kírísítẹ́nì, ní ìjọba ìbílẹ̀ yín àti ọba ìlú gbọ́. Bí ẹ bá ti gbọ́ pé àlejò kan ń kó ènìyàn jọ sínú ilé kan, tí ọmọdé inú rẹ̀ kò lọ sílé-ẹ̀kọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ tí ọmọ tiyín yóò wọ ibẹ̀.

Bí ọmọ yín bá sì ti wà níbẹ̀, ẹ má gégùn-ún fún un, ẹ má kó ẹrù rẹ̀ síta. Ẹ máa pè é lórí fóònù bí ó tilẹ̀ ń já a, ẹ bi í bóyá ó ti jẹun, ẹ má bá a jiyàn lórí ìran. Bí ó bá ní ebè lóko, ẹ bá a gbin nǹkan sí i. Lọ́jọ́ tó bá padà, oúnjẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé fún un. Kí pásítọ̀ wá kí i nílé, kí ó má sì pè é síwájú ìjọ láti wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ní òun fẹ́ sọ ọ́.